Corolla tó fojú gbá, Matrix tó fẹ̀yìn gbá: ibi tí iṣẹ́ mi dé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá mi láti ìbẹ̀rẹ̀, Corolla 2005 kan tó forí sọ ìdí tírélà ni mo ń tún ṣe ní gbogbo Sátidé, nínú ọgbà bàbá páńẹ́lì kan n'Íbàdàn. Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì o. Olùkọ́ ni mí, iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo fi ń najú.

Kì í ṣe tírélà ló pa ọkọ̀ yìí gan-an. Rédíétọ̀ ló kọ́kọ́ lu, ẹni tó ni ín kò sì dúró, ó wà á délé láìsí omi nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà níbẹ̀, álúmíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, álúmíníọ̀mù náà ni orí rẹ̀. Kò fara da irú ooru bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tú orí rẹ̀, mo gbé rúlà onírin lé e, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rúlà. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀, láàrin sílíńdà kejì àti ìkẹta, fẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Orí ti tẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì mìíràn ni màá wá.

Mo lọ sí Àràrómì, ọjà pààtì ọkọ̀ ní Agodi Gate. Ẹni tó ń ta Bẹ́líjíọ̀mù dá ₦580,000 lé ẹ́ńjìnnì, ₦320,000 lé gíà. A ná an títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú 850 wá fún méjèèjì, mi ò lè dín in mọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí n lọ rò ó. Rédíétọ̀ àti áńtánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì ná.

Bí mo ṣe ròyìn fún bàbá páńẹ́lì, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, gbogbo ẹran tó o fẹ́ rà lórí igbá yìí, o ò ṣe kúkú ra màlúù?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún iṣẹ́ yìí ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá odidi ọkọ̀ tí màá tú fún pààtì, èyí tí wọ́n gbá lẹ́yìn tí iwájú rẹ̀ ṣì pé. Matrix 2005 ni mo rí, ₦750,000. Corolla àti Matrix ti 2003 sí 2008, ọmọ ìyá ni wọ́n, Pontiac Vibe ni ẹ̀kẹta wọn. Nọ́ńbà ṣásí ni mo fi dá wọn mọ̀. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1NX, ìyẹn Fremont ní Kalifọ́níà, nílé-iṣẹ́ tí Toyota àti General Motors jọ dá sílẹ̀, èyí tí wọ́n tì ní 2010. Ti Matrix jẹ́ 2T1, láti Cambridge ní Kánádà. Ẹ ka á dé orí ìkẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún, ibẹ̀ lọdún ọkọ̀ wà: 5 dúró fún 2005. Ti gíà, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wo lẹ́ẹ̀bù ara òpó níbi tí wọ́n kọ A/TM sí, tó ń sọ irú gíà tó wà nínú ọkọ̀, mo fi wé tèmi. Ọ̀kan náà ni.

Kí n tó sanwó, mo fa bélíìtì ìjókòó jáde pátápátá, dé ìdí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo l'Amẹ́ríkà, omi ló bà á jẹ́. Wọn a fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọn a fọ àga, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ á ṣì wà nínú bélíìtì níbi tó ká sí. Ti Matrix yìí mọ́.

Lẹ́yìn náà la wọn ìfúnpá ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ fajú ro, ó ní ṣé mo rò pé òun fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni. Mo bẹ̀ ẹ́: "Ẹ má bínú sà, owó oṣù mi ni mo kó wá." Ó gbà. A yọ fíùsì epo, mo tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo de gééjì mọ́ ihò kìíní. Ọ̀rẹ́ mi kan tẹ epo mọ́lẹ̀, ó sì ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì títí ọwọ́ gééjì fi dúró: 175 psi. Èkejì 178. Ẹ̀kẹta 170. Ẹ̀kẹrin 176. Tó bá ti wálẹ̀ ju 145 lọ, Toyota ní ó ti rẹ̀. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀.

Títú rẹ̀ gba Sátidé méjì, kò sí ìtàn níbẹ̀ ju ìka ọwọ́ tó bó lọ. Ẹ́ńjìnnì, gíà, rédíétọ̀, áńtánétọ̀, kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti rọ́ọ̀mù ló kọjá sára Corolla. Ihò nọ́ọ̀tì rọ́ọ̀mù méjèèjì jẹ́ márùn-ún, wọ́n sì jókòó pẹ́ẹ́. Táyà orí wọn ni mo bọ́ dànù. Ó ṣì dúdú, ó ṣì ní eyín, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin ìparí DOT ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1614, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Èmi ò ní fi ọmọ mi sínú ọkọ̀ lórí irú táyà bẹ́ẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì, bíréèkì páàdì, ẹ̀rọ tó ń fa omi àti gbogbo rọ́bà, tuntun ni mo rà. Airbag, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì yìí wà lára àwọn tí Toyota ní kí wọ́n gbé padà nítorí airbag ilé-iṣẹ́ Takata, tó lè bú kó sì fọ́n irin sí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra irú rẹ̀ lọ́jà, bó ti wù kó dínwó tó.

Ibì kan ni mo ti pàdánù. Iná iwájú Matrix kò bá Corolla mu, torí náà mo lọ ra ti Corolla. Ẹni tó tà á ní "2003 sí 2008 ni" ó sì wá di pé Toyota ti yí ojú Corolla padà ní 2005: iná, bọ́ńpà, gíríìlì. Mo gbé e sójú rẹ̀, etí rẹ̀ kò bá ti bọ́ńpà mu. ₦12,000 ni mo fi kún un kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó yẹ kí n ti gbé ògbólógbòó iná tó fọ́ náà dání.

Mo ti ta ilẹ̀kùn méjì, iná iwájú, àga àti dáṣíbọ́ọ̀dù Matrix náà, ₦410,000 ló ti wọlé. Nítorí náà ₦340,000 ni gbogbo ohun tó kọjá sára Corolla ná mi títí di òní, nígbà tó jẹ́ pé ₦850,000 ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì àti gíà nìkan l'Àràrómì. Ògbólógbòó ara Matrix tó kù ṣì wà ní ẹ̀yìn ọgbà, àwọn tó ń ra irin ti wá wò ó.

Sátidé tó kọjá la sítáàtì Corolla. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá páńẹ́lì fi àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń tẹ́tí sí i. Fáànù rẹ̀ nìkan ni kò tíì tan fúnra rẹ̀. Rìwáyà ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé láti wá wo wáyà tó lọ sí i.