Ẹ bá wa dúpẹ́, ilé náà ò bọ́ sọ́wọ́ báńkì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rí tí a gbé wá lónìí, ti arábìnrin kan ni, ní ìhà Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn níbí. Ó ní ká bá òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n ká má dárúkọ òun nítorí àwọn ọmọ. Òun àti ọkọ ti pínyà. Owó mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báńkì yáni tí ilé sì jẹ́ ìdógò rẹ̀, tí wọ́n jọ yá ló wà lórí ilé. Owó náà wọ gbèsè, lẹ́tà pé wọ́n máa lu ilé ní gbàǹjo sì dé. Ilé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Ó tún bẹ̀ wá pé kí ẹ̀rí yìí má mọ sórí halelúyà, ká sọ ọ̀nà tó gbà, torí ó dá òun lójú pé ẹlòmíràn wà láàárín wa tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ tìmùtìmù rẹ̀. Àwa tí iṣẹ́ báńkì àti iṣẹ́ lọ́yà jẹ́ tiwa nínú ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ la kọ èyí tó kù.

Ibi kékeré ni wàhálà yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya jọ fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì owó oṣù ọkọ ni báńkì ti ń yọ owó. Ọkọ kó jáde, ó gbé owó oṣù rẹ̀ lọ sí báńkì mìíràn, kò sọ fún ẹnì kankan. Orí fóònù rẹ̀ ni àlẹ́ẹ̀tì ń bọ́ sí. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni lẹ́tà ń lọ, torí àdírẹ́sì ibẹ̀ ni wọ́n kọ sínú fáìlì nígbà tí nǹkan ṣì dán mọ́rán. Ìyàwó tó ń gbé inú ilé ò ní gbọ́ nǹkan kan títí ẹni tó wá díye lé ilé fi máa kan géètì.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tí ẹnì kan bá kó jáde ni kí ẹni tó kù ti kọ lẹ́tà sí báńkì: èmi náà wà nínú gbèsè yìí, ẹ fi nọ́ńbà mi àti àdírẹ́sì mi sínú fáìlì, kí ẹ sì fún mi ní sítétíméǹtì oṣù 12 tó kọjá. Ẹ̀dà méjì ni kó mú dání. Báńkì á mú ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ìkejì fún un. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni pé a ò kọ ọ́ ni. Ìwé olójú-ewé ọgọ́ta tí àwọn ọmọ fi ń lọ síléèwé ni arábìnrin wa lò. Ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ rísíìtì mọ́ ojú-ewé òsì, ó ń lẹ lẹ́tà olóǹtẹ̀ mọ́ ọ̀tún, ó sì ń fi bírò pupa kọ ọjọ́ sókè. Ìwé náà ti wú bíi búrẹ́dì nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa.

Bó bá jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí gbèsè, báńkì ò ní bá ìyàwó sọ ọ̀rọ̀ àkáǹtì yẹn, àyàfi tí ọkọ bá kọ ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó má sanwó sínú rẹ̀. Kó san án láti inú àkáǹtì tirẹ̀, kó sì kọ ohun tí owó wà fún síbẹ̀. Lọ́dún 1992, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ò dá ìyàwó kan tó ní òun dáwó sí ilé láre, torí kò lè fi ẹ̀rí hàn pé iye báyìí ni, ohun báyìí ni mo fi kún un. Rísíìtì lẹ̀rí. Owó tí a fún ọkọ lọ́wọ́ nínú yàrá ò ní ẹ̀rí.

Bó bá jẹ́ àwọn méjèèjì ló fọwọ́ sí i, báńkì lè di ẹnì kan ṣoṣo mú fún gbogbo gbèsè. Kò sí “ìdajì tèmi rèé” níbẹ̀. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láti kóòtù ìbílẹ̀ ní Mápó, àdéhùn tí ẹbí méjèèjì ṣe ní pálọ̀, tàbí ìdájọ́ kóòtù gíga ní Ring Road lórí bí a ó ṣe pín dúkìá, kò sí èyí tó pa gbèsè báńkì rẹ́ nínú wọn. Ẹ má sì fi yíyọ orúkọ ọkọ kúrò ṣe ohun àkọ́kọ́. Báńkì á kọ́kọ́ wò ó bóyá owó tó ń wọlé fún ẹnì kan lè gbé gbèsè náà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 tún ní kí Gómìnà fọwọ́ sí i, ẹ ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Owó gidi ló ń ná èèyàn. Àjẹsílẹ̀, ìyẹn owó oṣù tó ti kọjá tí ẹ ò san, ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ó wá kan lẹ́tà fúnra rẹ̀. Òfin ohun ìní tí ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ ṣe lọ́dún 1959 la ṣì ń lò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí dííìdì yín, ìyẹn ìwé àdéhùn mọ́gééjì tí ẹ fọwọ́ sí, ò bá yí i padà (ẹ kà á, ó lè ti yí i padà), ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí báńkì tó lè ta ilé. Wọ́n fún yín ní ìwé pé kí ẹ san gbèsè, oṣù mẹ́ta kọjá, ẹ ò san. Tàbí èlé tó yẹ kó wọlé ti pé oṣù méjì tí kò wọlé. Tàbí ẹ ṣẹ̀ sí àdéhùn mìíràn nínú dííìdì. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Owó ìbánigbófò (inṣọ́ránsì) ilé tí ẹ ò tún san, tàbí ayálégbé tí ẹ kó wọlé láìgba àṣẹ báńkì, lè tó láti fi mú yín.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a ò dárúkọ kóòtù níbẹ̀. Bí mọ́gééjì bá jẹ́ ti dííìdì tí Gómìnà fọwọ́ sí, báńkì lè tà láìlọ sí kóòtù. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn kó ìwé ilé fún wọn lásán ni, wọ́n nílò àṣẹ kóòtù kí wọ́n tó tà. Èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà. Yálà èyí tàbí ìyẹn, kí wọ́n kó tọ́ọ̀gì wá da ẹrù yín síta kò bófin mu. Akọ̀dà kóòtù ló ń lé èèyàn jáde, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé lẹ́tà náà lọ sórí òkè àdúrà, ó dára, àwa náà á bá yín gùn ún. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ò dúró dè wá.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tó sún mọ́ ti ilé yẹn ṣe ìṣirò báyìí. ₦10 mílíọ̀nù, èlé 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, fún ọdún 15, ₦161,042 ni lóṣooṣù. Nínú owó oṣù àkọ́kọ́, èlé kó ₦150,000, ₦11,042 péré ló kan ojú owó, ìyẹn owó tí wọ́n yá gan-an. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n san án déédéé, ₦5,797,512 ti jáde lápò, ojú owó sì ṣì ku nǹkan bí ₦9,478,000. Ẹ tún un kà.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí gbogbo èèyàn ń bẹ báńkì fún ò fi ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bí wọ́n ṣe rò. “Ẹ jẹ́ ká máa san èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà.” Èlé yẹn ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà tẹ́lẹ̀! “Ẹ fi ọdún márùn-ún kún un.” Ọdún 20 dípò 15 lórí ₦10 mílíọ̀nù yẹn á sọ owó oṣù di ₦154,331. ₦6,711 ló dín, ọdún márùn-ún gbáko ló sì gùn. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó gba owó NHF, owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń yáni, tó ní èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọdún 15 bá di 30 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ₦84,386 á di ₦59,955. Ìyẹn ìtura gidi. Ẹ mọ irú owó tí ẹ yá kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ó bẹ̀bẹ̀ fún.

Ní ti ilé yìí, oṣù mẹ́rin kọjá láìsan kọ́bọ̀. Gbèsè fò sí nǹkan bí ₦10,060,000, owó ìtanràn ò tíì sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa á pọ̀, tí wọ́n pín in sórí oṣù 140 tó kù ní èlé kan náà, ₦172,328 lóṣooṣù ni. Obìnrin tí kò rí ₦161,042 san, níbo ló ti fẹ́ rí ìyẹn? Ṣùgbọ́n bí èlé bá wálẹ̀ sí 15, ₦152,542 ni, àjẹsílẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn: kí wọ́n dín èlé kù, kí wọ́n da àjẹsílẹ̀ mọ́ ojú owó, kí wọ́n pa owó ìtanràn rẹ́. Ìtanràn ló máa ń rọ báńkì lọ́rùn jù láti fi sílẹ̀, èlé ló máa ń dùn wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó tí ẹ ń san kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lọ sórí ìtanràn, torí ibẹ̀ ló máa ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Omijé kọ́ ló mú wọn gbọ́. Ìwé ẹ̀rí owó oṣù mẹ́ta ló kó lọ, pẹ̀lú ojú-ewé kan tó kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sí, títí dórí owó gáàsì. Ó kó lẹ́tà ayálégbé kan tó fẹ́ gba ìsàlẹ̀ ilé lọ, ó sì ní kí báńkì kọ̀wé àṣẹ fún un kó tó gba owó. Ó fi rísíìtì ₦100,000 tó san láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lé e lórí. Kò lọ yá gbómúlélántà láti fi san án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló yá a.

Ẹ má sì rò pé owó tó wà ní báńkì mìíràn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ìlànà GSI (Global Standing Instruction) kalẹ̀. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fún yín, ni wọ́n fi ń tọpasẹ̀ èèyàn, wọ́n sì lè fa ojú owó àti èlé yọ níbikíbi tí ẹ ní àkáǹtì sí. Ìtanràn nìkan ni wọn ò lè fà. Owó iléèwé tí ẹ tọ́jú lè di owó ilé lóru.

Àwọn kan á ra ọ̀dà pupa, wọ́n á kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ó lè dá àwọn oníjìbìtì tó fẹ́ ta ilé onílé dúró. Báńkì tó ní àṣẹ títà lọ́wọ́ ò ní torí ẹ̀ padà sẹ́yìn, bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì fẹ́ tà á lọ́la, ọ̀dà yẹn ló máa lé olówó gidi sá. Ẹ sì rántí pé ẹ lè tà á fúnra yín. Ẹni tó ń díye lé ilé máa ń kọ iye méjì, iye ọjà àti iye kíákíá, ìyẹn iye tó lè pa bí wọ́n bá fi ìkánjú tà á, ìkejì yìí ló sì máa ń kéré. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò lè gbé gbèsè mọ́, kí ẹ gba àṣẹ báńkì kí ẹ wá olùrà sàn ju gbàǹjo lọ. Bí wọ́n bá ta ilé tán, tí wọ́n yọ ìnáwó àti gbèsè, tiyín ni ìyókù. Bí kò bá tó, ẹ ṣì jẹ wọ́n ní èyí tó kù.

Kóòtù ńkọ́? Adájọ́ kì í dá títà dúró torí pé ẹ̀yin àti báńkì ń jiyàn iye tí ẹ jẹ nìkan. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé kí ẹ kó iye tí báńkì ń béèrè sílẹ̀ ní kóòtù ná. Títí báńkì àti olùrà fi máa fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ lè san gbèsè kí ẹ gba ilé yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Arábìnrin wa rí lẹ́tà gbà ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́rin lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́: èlé 15, ìtanràn kúrò, àjẹsílẹ̀ wọnú ojú owó. Ayálégbé ti wọlé. Ó ní kí ẹ bá òun yọ̀, ó sì fi ìwé olójú-ewé ọgọ́ta náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó dúró dè wá lẹ́yìn ìsìn, kó mú ìwé àdéhùn owó àti sítétíméǹtì oṣù 12 rẹ̀ dání.