Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Kọ Sáìtì Yín

Oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni Yahoo ti GeoCities pa, ìyẹn ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ sáìtì tirẹ̀ sórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 1999 ni wọ́n rà á, iye tí wọ́n rà á sì lé ní bílíọ̀nù 3 dọ́là. Síbẹ̀, nígbà tó yá, wọ́n palẹ̀ rẹ̀ mọ́ tòun ti àìmọye ojú-ewé tí àwọn èèyàn kọ síbẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan tí wọ́n ń pè ní Archive Team sáré kó èyí tí wọ́n lè kó. Ojú-ewé mi kékeré nípa Òkè Idànrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oorun ò dá lójú mi. Notepad, sọ́fíwià kékeré tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lásán, ni mo fi kọ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi látòkè délẹ̀.

Káfẹ́ ayélujára kan lẹ́bàá géètì yunifásítì FUTA l'Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Tíkẹ́ẹ̀tì là ń rà nígbà náà, ìṣẹ́jú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà inú ìwé ilé-ìwé ni mo ti ń fi bírò kọ kóòdù mi kí n tó lọ. Bọ̀dá tó ń bójú tó káfẹ́ ọ̀hún rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbúrò, sọ́fíwià tó ń báni kọ ọ́ yẹn, fi sílẹ̀. Tó bá bà jẹ́, o ò ní mọ ibi tó ti bà jẹ́." Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

HTML, èdè àmì tí a fi ń kọ ojú-ewé ayélujára, kò le bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù bani. Àmì kan ló ń ṣí i, òmíràn á tì í: ẹ kọ <b>, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó dúdú kirikiri, ẹ kọ </b>. Fáìlì àkọ́kọ́ á máa jẹ́ index.html. Ẹ kíyè sí lẹ́tà ńlá àti kékeré o: Oke.JPG àti oke.jpg, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú ọ̀pọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáìtì.

Ibi tó gbà mí lákòókò jù ni èdè wa, torí kóòdù ni mo fi ń kọ lẹ́tà tó bá ní àmì nígbà náà. Idànrè rọrùn: Id&agrave;nr&egrave;. Ẹ wá wo Àkúrẹ́: &Agrave;k&uacute;r&#7865;&#769;. Nọ́ńbà 7865 ni ẹ, 7885 ni ọ, 7779 ni ṣ; 769 ló ń gbé àmì ohùn òkè lérí, 768 ló ń gbé ti ohùn ìsàlẹ̀. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ìwé mi. Ìrọ̀rùn ti dé báyìí: ẹ fi <meta charset="utf-8"> sí orí ojú-ewé, kí ẹ sì yan UTF-8 (ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba àmì èdè wa) nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú fáìlì náà. Ẹni tó bá gbójú fo ọ̀kan nínú méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó bá jágbajàgba níbi tó fi ọ̀rọ̀ sí.

Ayé ìgbà yẹn dùn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Àdúgbò ni GeoCities pín èèyàn sí: àwọn oníkọ̀ǹpútà wà ní SiliconValley, àwọn olólùfẹ́ fíìmù wà ní Hollywood, kálukú ní nọ́ńbà ilé tirẹ̀. Àlejò á kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, aago kan á máa ka iye ẹni tó yà. A máa ń ṣí kóòdù ẹlòmíràn wò, ká mú ohun tó wù wá. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Marquee, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sáré kiri ojú ìwé, nìkan ni mi ò gba tiẹ̀ (ojú á máa pọ́n ni!). Àwòrán "iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́" náà, ẹ yọ ọ́. Iṣẹ́ ò ní yéé lọ lọ́wọ́ láéláé.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, Neocities, ibi tí ẹ lè gbé sáìtì yín sí bíi ti GeoCities, wà láti 2013, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ tó gbé fọ́tò lọ, ẹ dín in kù. Ẹni tó fẹ́ wo òkè yín láti Ìgbàrà-Òkè, dátà rẹ̀ ló ń jó.