Ọgbẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ Bàbá

Lónìí, mo bá bàbá tí mò ń tọ́jú ní Baltimore kọ lẹ́tà wọn kẹta. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ogun Kòríà ni wọ́n jà. Ọdún 1951 ni àfọ́kù bọ́ǹbù wọ̀ wọ́n nítan. Purple Heart ni wọ́n ń béèrè, àmì-ẹ̀yẹ tí Amẹ́ríkà ń fún ọmọ ogun tí ọ̀tá ṣe léṣe.

Ìwé gbọ́dọ̀ fi hàn pé dókítà tọ́jú ọgbẹ́ náà. Ìwé wo? Iná tó jó ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé àwọn ológun sí ní St. Louis lọ́dún 1973 run fáìlì ológun bíi mílíọ̀nù 16 sí 18, ti àwọn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú 1960 ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ológun ní kí Bàbá wá ẹlẹ́rìí méjì tó ṣojú wọn. Bàbá wò mí: "Ọmọ mi, àwọn tó gbé mi kúrò lójú ogun ti kú tán."

Láràárọ̀ ni mò ń fi ìpara ra itan yẹn. Irin kan ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ń bà á. Ẹ̀rí wo ló tún kù! Ó ń dùn mí dọ́kàn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà á lójú ayé wọn.

A fi àwòrán x-ray kún un. Nígbà tí mo gbé lẹ́tà náà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, Bàbá dúró ti ọ̀pá wọn lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi dé.