Likely ti Màmá Ìtòkú

Màmá Ìtòkú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, ní kí n bá àwọn ṣe nǹkan tí yóò máa ṣírò owó ọjà lórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́. Ǹ bá fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo tún ní yóò yára sí i.

Mo gbé __builtin_expect ti GCC, kọmpáílà tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, jáde, èyí tí àwọn tó ń kọ Linux ń pè ní likely àti unlikely. Wọ́n fi ń ta kọmpáílà lólobó ni: bó o bá dé oríta yìí, ibí la sábà máa ń yà sí. Mo tan jẹnẹrétọ̀ títí di aago mẹ́ta òru, gbogbo "if", ìyẹn oríta inú kóòdù, tí mo rí ni mo so ó mọ́ lọ́rùn. Níbi ìsanwó, mo kọ ọ́ gbàgàdà pé kéèṣì ni. Ta ni ò mọ ọjà Ìtòkú?

Ilẹ̀ mọ́, mo wọn eré rẹ̀. Ibi 16 ni mo fọwọ́ kàn. 15 ò yí padà rárá. Ibi ìsanwó nìkan ló yí padà: ó tún wá ń falẹ̀ sí i!

Mo gbé ẹjọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Màmá wò mí látòkè délẹ̀.

"Kéèṣì wo? Tiránsífà ni gbogbo wọn ń ṣe. O ò ṣe bi mí?"

GCC máa ń fi ìdá 90 nínú 100 gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Màmá ò gbà á gbọ́ rárá.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ayé òde òní pàápàá kì í dúró gbàmọ̀ràn, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ló fi ń méfò ọ̀nà tó kàn. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ mi ní Kútọ̀: nítorí pé láfún ni mo jẹ lánàá àti níjẹta, kí n tó jókòó wọ́n ti tú ọ̀rá rẹ̀ sáwo, wọ́n ti bu ewédú lé e. Lọ́jọ́ tí mo bá ní ọ̀fàdà ni mo fẹ́, ojú wọn á le, wọ́n á gbé àwo yẹn sápá kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀rọ náà bá méfò, tí kò bọ́ sí i, nǹkan bí ìgbésẹ̀ 15 sí 20 ló máa ń ṣòfò. Ohun tí àmọ̀ràn tèmi sábà máa ń ṣe ò ju pé kọmpáílà á to ọ̀nà tí mo yàn sójú títì, á sì gbé èkejì lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo kó gbogbo oníbàárà Màmá lọ.

Mo yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, eré rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Màmá tú etí ìró, wọ́n ń ka owó iṣẹ́ mi lé mi lọ́wọ́ ní ọgọ́rùn-ún, igba. Kéèṣì ni gbogbo ẹ̀.