Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí Rósárì

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà máa ń bi mí jù lọ ni pé, kí la ń rí nínú Rósárì, àdúrà tí à ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà là ń tún sọ lójoojúmọ́? Wọ́n á ní Jésù fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún wa nípa àwítúnwí asán. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé Mátíù orí 6. Àmọ́ Mátíù kan náà ló sọ ní orí 26 pé Jésù gbàdúrà nígbà mẹ́ta nínú ọgbà Gẹtisémánì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tún sọ. Ẹsẹ 26 ni Sáàmù 136 ní, kò sì sí èyí tí kò parí sí pé àánú Olúwa dúró láéláé. Asán ni Jésù ń bá wí, kì í ṣe àwítúnwí. Bí ẹnì kan bá ń ki ìyá rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ta ni yóò sọ fún un pé ṣebí o ti kì í lánàá? Oríkì kì í sú ẹni tó ń kini tìfẹ́tìfẹ́, kì í sì í sú ẹni tí wọ́n ń kì.

Ọwọ́ ìyá ìyá mi ni mo ti kọ́ Rósárì. Ọmọ Pópó Àgùdà ni wọ́n, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láàárín àwọn tí baba ńlá wọn padà wálé láti Bàhíà ní Brazil lẹ́yìn oko ẹrú. Ní ìlú Salvador ní Bàhíà, àwọn èèyàn dúdú ti dá ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti Rósárì sílẹ̀ láti 1685. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn sí Pelourinho, àdúgbò kan ní ìlú náà, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí Fadá Borghero, míṣọ́nnárì kan, dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn Àgùdà tí wọ́n ti ń péjọ gbàdúrà. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ló ń ṣáájú wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi í jẹ fadá rí. 1868 ni fadá tó kọ́kọ́ ń gbé láàárín wọn tó dé. Tí mo bá rántí ìtàn yìí, ara mi máa ń dìde. Láìsí fadá, kò sí Mísà. Àmọ́ ẹni tó bá ní ìka ọwọ́ mẹ́wàá lè ka Rósárì, ìbáà jẹ́ nínú oko ẹrú. Ìyá àgbà máa ń sọ pé àdúrà tí wọn ò lè gbà lọ́wọ́ ẹrú nìyẹn.

Ṣé ẹ rí i, ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé Jésù ni à ń wò nínú Rósárì. Màríà ló mú wa lọ́wọ́ dání lọ síbẹ̀. Ẹ wo àdúrà "Mo kí ọ Màríà" dáadáa. Ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ló ṣáájú, ti Èlísábẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e, méjèèjì wà nínú Lúùkù orí kìíní, orúkọ Jésù ló sì wà láàárín kí ẹ̀bẹ̀ tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Póòpù John Paul Kejì sọ nínú lẹ́tà tó kọ ní oṣù Kẹwàá 2002 pé orí orúkọ yẹn ni gbogbo àdúrà náà rọ̀ mọ́. Àdììtú ni à ń pe àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ inú ayé Jésù àti Màríà tí à ń ṣàṣàrò lé lórí bí a ti ń ka Rósárì. Lẹ́tà yẹn náà ló fi Àdììtú Ìmọ́lẹ̀ kún Àdììtú Ayọ̀, ti Ìbànújẹ́ àti ti Ògo tí a ti ń kà tẹ́lẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní 1974, Póòpù Paul Kẹfà ti sọ ọ́ láìfi bò pé Rósárì tí kò ní àṣàrò nínú, òkú ara tí kò ní ẹ̀mí ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gba gbogbo ẹni tó bá bi mí nímọ̀ràn pé, tí ẹ bá ti dárúkọ àdììtú kan, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ wá ibi tí ẹ máa dúró sí nínú ìtàn náà. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, tí fóònù ọmọ náà kò sì lọ mọ́. A jọ ń ka Rósárì nírọ̀lẹ́. Bí a bá ti dé Àdììtú Ayọ̀ karùn-ún, níbi tí Màríà àti Jósẹ́fù ti wá Jésù fún odidi ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó rí i nínú tẹ́ńpìlì, ohùn ìyá yìí máa ń yí padà. Kò ní ké, kò ní sunkún, á kàn máa ka "Mo kí ọ Màríà" bí ẹni tó ń bá ìyá mìíràn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná. Ó sọ fún mi pé níbẹ̀ nìkan ni òun kì í ti í ṣàlàyé ara òun fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ti wá ọmọ rí. Ọ̀pọ̀ ìwàásù ni mo ti gbọ́ lórí ìrètí, àmọ́ ẹnu ìyá yẹn ni mo ti mọ ohun tí àṣàrò jẹ́.

Èyí tó tún kọ́ mi ní nǹkan ni ikú bàbá mi. Ní ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. A máa ń ka Rósárì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò ọ̀tún yí kóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ń sáré kà á, àtàǹpàkò yẹn á dúró gbọn-in lórí kóró kan, kò ní kúrò níbẹ̀ títí a ó fi padà wá bá a. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìparí àdúrà náà ní àgbọ́yé: "gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀, nísinsìnyí àti ní àkókò ikú wa." Láti kékeré ni bàbá mi ti ń bẹ Màríà pé kó wà níbẹ̀ lákòókò yẹn. Nígbà tí àkókò náà wá dé, ẹni tí wọ́n ti ń pè láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń retí, kì í ṣe àlejò. Ẹ̀rù ikú tó wà lára mi dín kù púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì lè purọ́ pé ohun mìíràn ló dín in kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí. Àwọn kan ń fi Rósárì ṣe ońdè. Wọ́n gbé e kọ́ sínú mọ́tò tàbí sọ́rùn ọmọ, wọn ò kà á rí. Àwọn mìíràn ń fi í lé ọ̀tá ilé bàbá wọn kiri, wọ́n ní ohun ìjà ni. Ẹ jọ̀ọ́, láti Gẹtisémánì dé Kalfárì, kò sí ibi tí Jésù ti ní kí ọ̀tá òun kú. Àwọn tó kàn án mọ́gi ló bẹ̀bẹ̀ fún. Ibi tí Rósárì ti ń jà ni ọkàn ẹni tó mú un lọ́wọ́, ìkórìíra tó wà níbẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ bá jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ má fi ipá mú wọn kúnlẹ̀ fún ìpín márààrún ("Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá ló wà nínú ìpín kan). Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Lucia, ọmọ mẹ́sàn-án ni Francisco, ọmọ méje ni Jacinta, nígbà tí Màríà fara hàn wọ́n ní Fátímà, ní ilẹ̀ Portugal, ní 1917, tó sì ní kí wọ́n máa ka Rósárì lójoojúmọ́. Ó yẹ ọmọdé, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ìtàn àdììtú náà fúnra wọn. Ẹni tó rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ náà lè ka ìpín kan ṣoṣo, kó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú dánfó, kó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kà á. Mo fẹ́ràn ìpín kan tó ní ẹ̀mí ju márùn-ún tí a fi oorun kà lọ.

Ẹ gbé Rósárì yín fún fadá kó bù kún un. Tó bá sì já tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ má ṣe sọ ọ́ sí ààtàn. Ẹ sun ún, tàbí kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ níbi tó mọ́.