Ohun Tí Mo Fẹ́ Fi Sùn Rin Gbingbin ní Orí Òkè Písígà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di àgọ́ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù gun òkè bíi tèmi, mo kọ èyí sí yín nípa bí òtútù ti fẹ́ pa mí lórí òkè, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Àwọn kan ń sọ pé àìlówó ilé ìtura ni ó fà á. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo ti Blue Ridge Parkway dé, ọ̀nà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba orí òkè lọ fún máìlì 469 láti Virginia dé North Carolina. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ti rí: ọkọ̀ akẹ́rù kì í gbà á, eré ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju máìlì 45 ní wákàtí kan, kò sì sí ilé epo lójú ọ̀nà náà, àfi kí ènìyàn yà sínú ìlú. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn débi pé mo rò pé mo ti mọ òkè náà tán.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbéra ní Linville Falls, mo ń lọ sí ibùdó tí a ti ń pàgọ́ ní Mount Pisgah, nǹkan bíi máìlì 92. Písígà inú Bíbélì ni wọ́n fi sọ òkè náà lórúkọ, níbi tí Mósè ti rí Ilẹ̀ Ìlérí tí kò sì wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo sún mọ́ ìlú Asheville ni òjò dé. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Kì í ṣe owó ilé ìtura ni n kò ní, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń sọ. Mo ti sanwó ibùdó sílẹ̀ ni, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ òjò mi. Láti Asheville, ọ̀nà náà gòkè ju 800 mítà lọ, òtútù sì ń le sí i bí mo ti ń gòkè. Kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà. Nínú àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ la òkè já, tí kò ní iná, èémí mi bo gíláàsì àṣíborí, bí mo bá sì ṣí i nígbà tí mo jáde, òjò á máa nà mí lójú.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé. Mo pàgọ́ nínú òjò, mo ti ọwọ́ bọ inú àpò tí mo dì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, omi tútù ni ọwọ́ mi bà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì alápò tí à ń wọ inú rẹ̀ sùn ti mu omi bíi kànìnkàn. Bí mo ti ń fún un, omi ń ṣàn láti àárín ìka mi dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fẹ́ tú okùn aṣọ kejì, ìka mi kò gbọ́ tèmi mọ́, eyín ni mo fi tú u, aṣọ náà sì rin gbingbin pẹ̀lú. Mo jókòó sínú àgọ́, mo ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ìgbà tó yá, gbígbọ̀n náà ń dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni ara mi kò móoru, oorun sì ń kùn mí. Ìyẹn ni ó bà mí lẹ́rù jù, nítorí òtútù ti ń borí ara mi. Mo kígbe.

Bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀ gbé mi wọ inú ọkọ̀ wọn, wọ́n pàrọ̀ aṣọ fún mi, wọ́n fún mi ní tíì gbígbóná. Ilẹ̀ mọ́, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì padà sílé.

Mo bẹ̀ yín, ohun tí ẹ ó fi sùn kò gbọ́dọ̀ rin. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni ó wà nínú tèmi, ìyẹ́ tí ó bá sì ti rin kò lè mú ẹnikẹ́ni móoru mọ́. Ẹni tí ó ta àpò ẹrù náà fún mi sọ pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Lóòótọ́, aṣọ rẹ̀ kò gba omi, ṣùgbọ́n ojú síìpù àti ojú ibi tí wọ́n rán ni omi gbà wọlé, nítorí pé afẹ́fẹ́ eré alùpùpù ń ti òjò wọ ibẹ̀. Àpò tí à ń ká lẹ́nu ni kí ẹ rà, kí ẹ sì tún fi ọ̀rá nínípọn wé ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ dé ibùdó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe gbé oúnjẹ sínú àgọ́, nítorí béárì. Ẹ máa lo ibọ̀wọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní gbígbẹ. N kò sáré àsápajúdé, n kò sì ṣubú, omi tí ó wọ inú ẹrù ni ó fẹ́ pa mí.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ìwé ìròyìn sínú àpò yín, ẹ dì í bí ẹ ti máa ń dì í, ẹ gbé e sábẹ́ ṣáwà fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì yí i káàkiri. Bí etí ìwé náà bá tutù, ẹ má tíì lọ.