504 bàbá mi àti òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tó bá ń yangàn pé ọkọ̀ òun lágbára, ẹ sọ fún un kó gbé e wá s'Èkìtì. Kì í ṣe inú Adó o, Adó ṣì ní ojú àánú díẹ̀. Kó gba Ìyìn, kó gba Ìgèdè, kó já Àrámọkọ, kó wá kọrí sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tó jẹ́ pé títì á kàn dìde dúró síwájú ẹ ni, á máa wò ẹ́.

Ọkọ̀ tèmi, Píjò 504 ni, bàbá mi ló fi sílẹ̀, ara àwọn tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1975. Géèjì epo ẹ̀ ti kú tipẹ́, ilẹ̀kùn kan ò ṣí láti inú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ẹ̀ dáa, mo lè búra. Wàhálà ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò fẹ́ràn òkè. Níbi tó bá tẹ́jú, á máa lọ geere. Tó bá ti rí òkè ṣá, á bẹ̀rẹ̀ sí í jà mí síwájú jà mí sẹ́yìn, pó, pó, pọ́ọ́, màá já jíà sí kejì, màá já a sí ìkíní, màá tẹ tọ́tù títí ẹsẹ̀ mi á fi kan irin, kò ní dá mi lóhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń tẹ̀ lé wa á ti mọ iṣẹ́ ẹ̀, á bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi wẹ́ẹ̀jì, á sáré fi há táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà padà s'Àrámọkọ. A ó jókòó díẹ̀, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá wò ó bí ẹni tó mọ nǹkan, màá pa á dé, màá ki kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á dìde, á gun òkè yẹn bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é rí. Lọ́jọ́ míì ẹ̀wẹ̀, á gun òkè kan náà láì kọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ló le jù, torí tó o bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ara ẹ̀ á ti yá, ìwọ lo máa wá dà bí òpùrọ́.

Wọn ò sì kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ òpùrọ́. Mẹkáníìkì mi ní púlọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ríwáyà ní púlọ́ọ̀gì kẹ̀, kọ́ńtáàtì àti kóìlì ni, a pààrọ̀ wọn. Mẹkáníìkì ní ṣé ríwáyà ló mọ ẹ́ńjìnì ni, ó tú kàbúrétọ̀, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó fọn ún lẹ́nu, ó dì í padà. Lẹ́yìn ìyẹn ó pààrọ̀ fíltà, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù, nígbà tí ìyẹn náà ò ṣiṣẹ́ ó ní pọ́ǹpù tuntun ń gbóná, ká máa rẹ fóòmù sómi ká máa gbé e lé e lórí. Èmi, ọmọ èèyàn pàtàkì, mo ń gbé fóòmù tútù kiri nínú abọ́. Fọkánáísà tí mo ní kó kàn fún mi ní atẹ́gùn náà ní táyà ni.

Nǹkan kan wà ṣá tí gbogbo wa ń rí. Ìgbà yòówù tí mo bá ti ya ilé epo, bí epo tí mo rà ò tiẹ̀ tó nǹkan, ọkọ̀ á dára fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Mẹkáníìkì ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i? Epo burúkú lẹ ti ń rà tẹ́lẹ̀.” Ìyàwó mi ní ọkọ̀ náà mọ̀ pé ahun ni mí, tó bá ti rí i pé mo náwó inú ẹ̀ á dùn. Mi ò rí èsì fún ìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ tí Mọ́mì ní kí n gbé àwọn lọ s'Ẹ̀fọ̀n, àdúrà ń bẹ níbẹ̀. Ọmọ ìjọ CAC ni Mọ́mì, Ẹ̀fọ̀n sì ni wọ́n sin Bàbá Babalọlá, wòlíì ìjọ náà, sí ní 1959, ìlú yẹn kì í ṣe ìlú lásán lójú wọn. Wọ́n wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn, Bíbélì lórí itan. A lọ títí, a kọjá Àrámọkọ, òkè dé, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀. Pó, pó, pọ́ọ́. Ó kú. Wẹ́ẹ̀jì bọ́lẹ̀.

Mọ́mì ò bínú. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá pe orúkọ mi lápèjá, irú èyí tó ń kó jìnnìjìnnì báni.

“Ṣé o mọ bí Ọlọ́run ṣe pe Bàbá Babalọlá?”

Mo mọ̀, Mọ́mì, láti kékeré lẹ ti ń sọ ọ́ fún wa.

“1928. Katakata ló ń wà, ó ń ṣe títì fún ìjọba, ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Katakata yẹn ò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ o, ó kàn dá dúró ni. Ó ń tún un ṣe lọ́wọ́ ló gbọ́ ohùn.” Wọ́n tẹ̀ síwájú. “Ọkọ̀ yìí ti ń dá dúró láti ìgbà wo?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹni tí wọ́n ń pè tí ò jẹ́, wọn ò ní yéé pè é. Pa ẹ́ńjìnì, ká gbọ́.”

“Ẹ́ńjìnì ti kú fúnra ẹ̀, Mà.”

“Ó dáa. Dákẹ́.”

A dákẹ́ lóòótọ́, àwa mẹ́ta, lórí òkè, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá wa, awakọ̀ ẹ̀ ń wò wá. Bí mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan ni nǹkan ró lẹ́yìn ibi tí Mọ́mì jókòó sí: GBỌ̀M! Ẹ wò ó, mi ò kì í ṣe ojo, àmọ́ mo ti ṣí ilẹ̀kùn kí n tó mọ̀. Mọ́mì kígbe, “Hàlẹ́lúyà! Sọ̀rọ̀ Olúwa, ìránṣẹ́ rẹ ń gbọ́!” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà lódì kejì títì.

Mo pe mẹkáníìkì lórí fóònù, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi ní bóyá epo ti tán, ká yẹ táǹkì wò. Ìyá kan wà nítòsí tó ń dúró de ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ti ń wò wá tipẹ́, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ yẹn ṣe tú ìdérí táǹkì, ó dún: fúùùùùù, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Ìyá yẹn dìde.

“Kí lẹ dì mọ́ ọn lẹ́nu?”

Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà ni, wọ́n ṣẹ́ ẹ po méjì, wọ́n fi rọ́bà dè é mọ́ ẹnu táǹkì kí wọ́n tó dé ìdérí lé e. Àárín ẹ̀ ti wọnú lọ kòtò, epo ti fẹ́ẹ̀ gbé e mì.

Ìyá ní, “Ìwọ, ṣé o ti fi rọ́bà fa epo nínú kẹ́ẹ̀gì rí? Tó o bá di ẹnu ẹ̀ pa, epo á kọ́kọ́ máa wá, ikùn kẹ́ẹ̀gì á wá máa wọnú, tó bá yá kò ní wá mọ́. Tó o bá wá ṣí i díẹ̀, kẹ́ẹ̀gì á ró gbọ̀m, epo á dé. Atẹ́gùn ló máa wọlé kí epo tó jáde. Kí ni wọ́n kọ́ yín nílé ìwé?”

Gbogbo ẹ̀ wá tò lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò kékeré tó wà lára ìdérí yẹn ni táǹkì fi ń mí, náílọ́ọ̀nù ti bò ó. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ẹ́ńjìnì ò mu tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba atẹ́gùn tó ń jò wọlé á tó o. Tó bá dórí òkè, á fẹ́ mumi bí ẹṣin, pọ́ǹpù á fà á títí, kò ní rí fà. Tá a bá jókòó, atẹ́gùn á yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Tá a bá dé ilé epo, wọ́n á ṣí ìdérí. Ọmọ ilé epo ló ń wo ọkọ̀ mi sàn láti ọjọ́ yìí, kò sì gba kọ́bọ̀, àfi pé òun náà ló ń fara balẹ̀ dá náílọ́ọ̀nù padà síbi tó ti bá a.

Mo wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ìyá àgbà ẹ̀. Mọ́mì ń wo òkè.

“Òórùn epo ń wọ aṣọ mi,” ni wọ́n sọ. “Ṣé kí n máa rùn bí ilé epo wọ sọ́ọ̀ṣì ni? Mo ní kó bá mi dì í. Ìdérí yẹn tiẹ̀ lu, mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni.”

A já náílọ́ọ̀nù dànù, a gbé ìyá olépo, a gun òkè yẹn láì já jíà. Ìyá ò san owó ọkọ̀, ta ló fẹ́ bi í? Mọ́mì tún ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń sọ fún un pé ṣebí àwọn ló ní ká dákẹ́ ká gbọ́, tá a bá ń pariwo ṣé a máa gbọ́ gbọ̀m?

Nígbà tí a délé mo pe mẹkáníìkì, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé mi ò sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ epo ni?” Mo fẹ́ẹ́ pa fóònù, ó ní kí n dúró: pọ́ǹpù mi àtijọ́ tó tú ṣì wà lọ́wọ́ òun, ojúlówó ni, kò ṣe nǹkan kan, tí mo bá fẹ́ rà á òun á ṣe é dáadáa fún mi.